Kí A Tó Ránṣẹ́ Pe Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lálẹ́ òní kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí bóyá ni a fi lè rí ilé Yorùbá kan ní ìlú Lomé yìí tí kò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò tí a ránṣẹ́ pè láti ilé pé kí ó wá bá wa ṣiṣẹ́, tàbí ẹni tí ó ń wo ojú wa pé kí a ti òun kọjá lọ sí ibi tí owó gbé pọ̀ ju ti ibí lọ. Ẹni tí ó ránṣẹ́ pè é gbà pé oore ni òun ń ṣe. Ẹni tí a pè gbà pé ẹ̀tọ́ òun ni. Àwọn òbí tí ó kù nílé gbà pé ọ̀nà ti là fún gbogbo agboolé. Kò sí èké nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ láti inú èrò mẹ́ta tí kò tí ì bá ara wọn jókòó rí yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjà tí àwa àgbà ń parí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ti ń ṣẹ̀ wá.

Èrò tèmi lórí rẹ̀ kò gùn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kí n tó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ìbátan rẹ̀ wá sí ẹnu iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, kí ó sọ àdéhùn tí ó wà láàárín wọn ní gbangba, lójú òbí àti lójú ọmọ náà fúnra rẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọmọ tó kúrò nílé. Nítorí gbèsè tí a kò dá iye lé, kì í ní ọjọ́ tí a ó san án tán.

Àṣà mímú ìbátan wá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ojúkòkòrò ni ó bí i. Nígbà tí Gánà ṣì ń jẹ́ Gold Coast, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ọmọ Àjílété, àwọn ará Òfà ọmọ Ìjàkadì lorò, àti àwọn ará Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ìnísà di aṣọ àti wosiwosi lẹ́rù, tí wọ́n forí lé Kumasi àti Tamale àti àwọn ìlú kéékèèké tí ó wà lẹ́yìn wọn, ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá lọ nínú ilé ni í padà wá mú ẹnì kejì, tí ẹnì kejì náà yóò sì wá mú ẹnì kẹta, títí agboolé kan yóò fi ní ìsọ̀ mélòó kan lẹ́yìn odi. J. S. Eades, ọ̀mọ̀wé òyìnbó tí ó wádìí àwọn oníṣòwò Yorùbá ní ìhà àríwá Gánà, tí ó sì tẹ ìwé lé e lórí ní ọdún 1993, ṣe àlàyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa náà ti máa ń sọ ọ́: àbúrò á wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n fún ọdún mélòó kan, á máa kiri ọjà fún un, á máa jẹ nínú ìkòkò rẹ̀, kò ní gba owó oṣù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá tó àkókò, ẹ̀gbọ́n á kó ọjà tàbí owó lé e lọ́wọ́ kí ó lè dá dúró. Ẹjìgbò, ìlú Ògìyán, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tí ó fi di pé a lè ná owó sẹ́fà nínú ọjà Ẹjìgbò títí di òní, tí a sì ń gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn ìyá tí kò jókòó ní iyàrá ìkàwé rí. Àwọn ọkọ̀ tí ó ń kó wọn lọ sí Abidjan, ìlú tiwa níbí ni wọ́n ń gbà kọjá.

Ohun tí ó mú kí ètò yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀ kì í ṣe pé àwọn baba wa láàánú jù wá lọ. Ojú ní í máa ń tì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n tí ó bá lo ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mẹ́wàá tí kò fún un ní nǹkan, yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ìpàdé ọmọ ìlú, yóò tún gbọ́ ọ nílé nígbà ọdún, wúńdíá tí ó ń fẹ́ sọ́nà náà sì lè tìtorí rẹ̀ yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan kò lè ṣẹlẹ̀ ní Tamale kí ó má dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí oṣù tó lé. Àdéhùn náà wà láìkọ sí ìwé nítorí pé gbogbo ìlú ni ó mọ̀ ọ́n sórí. Lónìí, ẹni tí ó ń gbé ní àdúgbò Cacavéli ní Lomé yìí lè ṣe ọdún márùn-ún kí ó má jókòó ìpàdé ọmọ ìlú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Èkó, àbúrò rẹ̀ wà ní Houston, ìyá ọmọ náà wà ní abúlé tí fóònù kì í gbé dáadáa. Ta ni yóò bá a wí bí ó bá yí ọ̀rọ̀ padà? A gbé àṣà àwọn baba wa tọwọ́tọwọ́, a sì fi ojú tí ó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀ nílé.

Àwọn baba wọ̀nyẹn tí a máa ń sọ pé wọn kò mọ̀wé, wọn kì í fi gbèsè ṣeré. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà, tí Àlùfáà Samuel Johnson ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Bí ènìyàn bá fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, iye owó tí ó gbà di mímọ̀, iṣẹ́ tí yóò máa ṣe fún olówó rẹ̀ di mímọ̀, onígbọ̀wọ́ sì wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ tó o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o, pé mo ní kí a dá ìwọ̀fà padà. Ohun kíkorò ni, ó sì dára bí a ti pa á tì, nítorí iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín kọ́bọ̀ kù nínú owó tí a yá; èlé lásán ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà mọ ọjọ́ òmìnira rẹ̀: ọjọ́ tí owó bá pé ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń tú ẹrù ní ọjà Assigamé láàárọ̀, tí ó ń fọ aṣọ ilé lálẹ́, ẹ bi í léèrè pé ọjọ́ wo ni yóò gba ara rẹ̀. Yóò kàn máa wo ojú yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀ràn kan tí irú rẹ̀ ti kọjá níwájú wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan tí ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ sílé nígbà ọdún, ó bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí baba rẹ̀ ti kú, ọmọ náà ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, kò rí ṣe. Àánú ṣe é. Ó ní, “Máa bá mi bọ̀, Ọlọ́run á ṣe é.” Gbogbo àdéhùn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà dé Lomé, ó gbọ́ Ewe, ó gbọ́ Faransé, ó mọ ojú oníbàárà tí ó ń san owó àti ti ẹni tí kì í san. Láàárín ọdún díẹ̀ òun gan-an ni ó ń ṣílẹ̀kùn ìsọ̀, tí ó sì ń tì í. Nígbà tí ó di ọdún keje ó fẹ́ gbéyàwó, ó sì béèrè owó òwò. Bàbá ní kí ó dúró díẹ̀. Ó dúró, ara rẹ̀ kò gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí i bù nínú owó ọjà ní díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ti olè. Nígbà tí wọ́n dé iwájú wa, bàbá ka owó ọkọ̀, owó ilé, owó oúnjẹ, owó ilé ìwòsàn, owó ìwé ìgbélùú, àti èyí tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ; ọmọ náà ka iye ọjà tí ó tà láti ọdún yìí wá, ó ní mílíọ̀nù sẹ́fà kọjá lọ́wọ́ òun tí òun kò mú ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò àwọn méjèèjì péye. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n orí tí àgbà yóò tún ṣe gbọ́dọ̀ wà níta kí ó tó rí i. A kò rí nǹkankan dì mú nínú ẹjọ́ yẹn, nítorí kò sí nǹkankan tí wọ́n sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe bẹ bàbá ni a ṣe bẹ ọmọ, wọ́n dìde, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ jáde.

Bí bàbá yẹn bá ti sọ ọ́ nílé pé, “Ọdún mẹ́fà ni, bí ó bá pé, ìsọ̀ kan pẹ̀lú ọjà báyìí báyìí,” yálà ó pọ̀ tàbí ó kéré, ẹjọ́ ì bá rọrùn. Bí kò bá ní agbára à ti fún un ní ìsọ̀, kí ó san owó oṣù, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Kí ó má ṣàì yan ọ̀kan.

Ìwé ìgbélùú wá ńkọ́? Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní Èkó, lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Gowon ti Nàìjíríà àti Ọ̀gágun Eyadéma ti Tógò níbí ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ọdún 1972. Ní ọdún 1979, ní Dakar, wọ́n fi àdéhùn lílọ-bíbọ̀ kún un, pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà tí kò tí ì kú àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọdún 1986 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ti ẹ̀tọ́ àti máa gbé ìlú kí a sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa di 90 ọjọ́ yẹn mú gírígírí, a kò sì fetí sí ohun tí ó tẹ̀lé e: ẹni tí yóò bá dúró ṣiṣẹ́, ìwé ni yóò gbà, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní carte de séjour. Mo mọ àwọn ọ̀gá tí tiwọn kò kú rí, tí wọ́n ń tún un ṣe bí ó ti ń tó àkókò, tí ọmọ tí ó ń sùn nínú ìsọ̀ wọn kò sì ní ju ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ nínú àpótí. Wọ́n ní, “Ta ni yóò bi í?”

Ó yẹ kí àwa Yorùbá mọ ẹni tí yóò bi í. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tàbí kí ó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti lo ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún, níbẹ̀, tí wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, tí gbogbo ìlú jẹ wọ́n lówó ọjà àwìn, wọ́n di ẹrù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì gba ọ̀nà Lomé yìí padà sílé. Gbèsè tí a jẹ wọ́n sì ṣègbé síbẹ̀. Kí a má sì sọ pé Gánà nìkan ni ó burú, nítorí ní oṣù kìíní ọdún 1983 ni Nàìjíríà tiwa náà lé àwọn ará Gánà, àwọn ará Tógò àti àwọn mìíràn jáde, tí wọ́n fojú bu iye wọn sí mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá dé, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ta ni ìwọ.

Lórí ọmọdé, ọ̀rọ̀ mi yóò kúrú, yóò sì le. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, gbogbo ayé gbọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Etireno, tí ó kó àwọn ọmọdé láti àgbègbè wa yìí lọ sí Gabon pé kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́, tí wọn kò jẹ́ kí ó gúnlẹ̀, tí ó sì padà sí èbúté Kùtọnu. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Human Rights Watch tẹ ìwé jáde lórí fífi ọmọdé ṣòwò ní Tógò, ohun tí ó sì dùn mí jù nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni pé ìbátan tàbí ojúlùmọ̀ ìdílé ni ó sábà máa ń wá fa ọmọ lọ́wọ́ jáde. Ìjọba Tógò ṣe òfin lórí rẹ̀ ní ọdún 2005. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń mú ọmọ ọdún mọ́kànlá wá láti ilé pé kí ó wá bá yín gbé igbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe èyí ní ìrànlọ́wọ́ fún ẹbí. Bí ẹ bá fẹ́ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbi tí ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọjú sí òkè òkun, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti díjú. Charles Piot, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Duke, tí ó ti ń wá sí Tógò láti ìgbà pípẹ́, kọ ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 2019 lórí lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà ní ìlú Lomé yìí gan-an, ó sì sọ níbẹ̀ pé bí a bá fi iye ará ìlú díwọ̀n rẹ̀, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn tí wọ́n ń tọrọ lọ́tìrì yẹn tó Tógò. Àwa tí a ń gbé ibí kò nílò ìwé kí a tó mọ̀ ọ́n. Tẹ́lẹ̀, bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, ojú ọ̀nà sáíbà kì í dá; àwọn ọmọ tí wọ́n ń ya fọ́tò, àwọn tí wọ́n ń kọ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà, àwọn tí wọ́n ń fi orúkọ ẹlòmíràn pamọ́ fún ara wọn. Òfin ọdún 1990 ni ó bí lọ́tìrì náà, nǹkan bí 55,000 ìwé ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún gbogbo ayé lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń yan orúkọ wọn máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀púpọ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde kò tí ì rí nǹkankan, àyàfi iṣẹ́ tuntun. Owó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò jẹ́ 330 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó àyẹ̀wò dókítà wà lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú wà lọ́tọ̀. Ọmọ alágbàfọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ jáde, níbo ni yóò ti rí i?

Ibẹ̀ ni onígbọ̀wọ́ ti ń yọjú. Ẹnì kan ní Amẹ́ríkà tàbí ní Yúróòpù, tí ó ti ń wá ọ̀nà à ti mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, yóò gbọ́ pé lọ́tìrì mú ọmọ kan ní Lomé tí kò ní owó, yóò sì ní òun yóò san gbogbo rẹ̀, bí ọmọ náà yóò bá lè kọ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ tàbí aya rẹ̀. Báyìí ni àwọn méjì tí wọn kò mọ orúkọ ìyá ara wọn lánàá yóò ṣe lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó, tí wọn yóò wọ ankara kan náà ya fọ́tò, tí ẹnì kan yóò sì máa kọ́ wọn ní ìdáhùn sí ohun tí kónsù lè bi tọkọtaya. Piot kò fi ojú ọ̀daràn nìkan wo wọn nínú ìwé rẹ̀, èmi náà kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí ebi ń ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá ni mí, ìgbéyàwó tí kò ní alárinà, tí kò ní ìdána, tí ẹbí kan kò mọ ilé ẹbí kejì, tí a fi ọwọ́ sí lójú ìjọba kí ẹlòmíràn lè rí iṣẹ́ ṣe, kò ṣeé fi wé oore lójú mi. Ọmọbìnrin náà yóò dé òkè òkun, yóò bá gbèsè níbẹ̀, yóò bá ọkọ tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, kò sì ní lè ké sí ọlọ́pàá bí wọ́n bá fìyà jẹ ẹ́, nítorí irọ́ ni ó bá wọlé. Bí àṣírí bá sì tú, òfin Amẹ́ríkà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé rẹ̀.

Ohun tí ó ń fa gbogbo èyí ni pé òfin wọn kò mọ ẹbí bí a ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lè bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ tàbí aya rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀, fún òbí rẹ̀, àti fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó bá jọ ní òbí. Ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí sì máa ń gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ó tó kàn án. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ó ti dàgbà kò sí níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá, tí a máa ń pè ní ẹ̀gbọ́n láìfi kún un, kò sí níbẹ̀. Lójú wọn, ẹni tí ó gbé wa pọ̀n ní kékeré lè ṣàìjẹ́ nǹkankan sí wa. Bí ẹ bá ní ìbátan lọ́hùn-ún tí ó ń sọ pé òun kò lè mú yín wá, ẹ má yára pè é ní ahun. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òtítọ́ ni ó ń sọ. Bí ó bá sì jẹ́ ìbátan tí òfin gbà, ìwé ìgbọ̀wọ́ kan wà tí yóò fọwọ́ sí, tí ó ń fi hàn pé owó tí ń wọlé fún un tó, ó sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ títí ẹni tí ó mú wá yóò fi di ọmọ ìlú tàbí tí yóò fi ṣiṣẹ́ tó bí ọdún mẹ́wàá; bí tọkọtaya bá tilẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, ìgbọ̀wọ́ náà kò tú. Onígbọ̀wọ́ inú ìwé Johnson ì bá gbọ́ èyí yé dáadáa.

Ohun mìíràn tún wà tí ó kan àwa ará Nàìjíríà tí a wà níbí. Wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò nínú lọ́tìrì náà láti bí ọdún mẹ́wàá ó lé, nítorí àwọn ènìyàn wa tí ó ti wọ Amẹ́ríkà nípa ọ̀nà mìíràn ti pọ̀ jù. Ibi tí a bí ènìyàn sí ni wọ́n sábà ń wò, kì í ṣe ìwé ìrìnnà tí ó mú dání. Nítorí náà ọmọ yín tí ẹ bí sí Lomé, Tógò ni wọ́n kà á sí, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ mú wá láti Ìgbòho, Nàìjíríà ni wọ́n kà á sí, ì báà ṣe pé ó gbọ́ Ewe ju ọmọ yín lọ. Ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun yóò fi ọgbọ́n yí èyí padà, ìwé ìbí èké ni ó fẹ́ ṣe. Lórí gbogbo rẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ka Tógò mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè méje tí wọ́n fi ìdènà apá kan sí, wọ́n sì dá físà àwọn tí yóò lọ máa gbé ibẹ̀ dúró, ti lọ́tìrì pẹ̀lú. Ẹni tí ó ti ta ilẹ̀ baba rẹ̀ láti san owó fún ìyàwó orí ìwé kí àṣẹ yẹn tó dé, kò sí kóòtù tí yóò gbé ẹjọ́ náà lọ.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gùn. Níbẹ̀, agbanisíṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ ni onígbọ̀wọ́, ìbátan kọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí ń tọ́jú arúgbó, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 wọ́n ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́, ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025 wọ́n sì ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ẹni tí ó bá ń ti òkèèrè bọ̀. Bí ìbátan kan bá tún ní òun mọ ẹni tí ó ń ta ìwé iṣẹ́ olùtọ́jú arúgbó ní London, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń kó lọ sí Kuwait àti Lebanon láti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ wà lábẹ́ ètò kan tí wọ́n ń pè ní kafala, tí ó so òṣìṣẹ́ mọ́ ẹni tí ó mú un wọ̀lú tí kò fi lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ó ti wù ú. Èmi kò ní gba ọmọ ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn pé kí ó lọ.

Mo ti bá onígbọ̀wọ́ wí tó. Ẹni tí a mú wá náà ní tirẹ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni, a kì í fi olè jíjà gba ẹ̀tọ́ ẹni. Bí ọdún tí a dá bá sì pé, tí ọ̀gá ń fi òní dọ́la, àwọn tí ojú wọn tó àdéhùn ni kí ó lọ bá, kì í ṣe àpótí owó. Ẹ̀yin tí ó kù nílé, ẹ̀yin ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lẹ́bi jù. Ẹ̀yin ni ẹ ń fi ọmọ sílẹ̀ láìbéèrè ọ̀rọ̀ kan, nítorí ẹ rò pé ìbéèrè yóò dà bí àìmoore, oṣù kẹta kò sì tí ì pé tí ẹ fi ń fóònù pé kí ó fi owó òrùlé ránṣẹ́. Ẹni tí kò tí ì ní owó oṣù, kí ni ó fẹ́ fi ránṣẹ́ bí kò ṣe owó ọ̀gá rẹ̀?

Ẹ̀yin ará, àwọn kan nínú yín yóò lọ sílé ní àsìkò ọdún tí ń bọ̀ yìí, ẹ ó sì mú ẹnì kan bọ̀. Kí ẹ tó gbéra, ẹ pe ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀, ẹ pe àgbà kan tí kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣègbè, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jókòó, ẹ sọ iye ọdún, ẹ sọ ohun tí yóò gbà, ẹ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá tàbí bí ó bá fẹ́ padà sílé kí àkókò tó pé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ ṣe ojú ewé kan péré, kí àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ẹ gba ìwé ìrìnnà fún un, kí ó bá ẹnu ibodè wọlé. Bí 90 ọjọ́ bá sì ti ń sún mọ́lé, ẹ lọ wá ìwé ìgbélùú rẹ̀ pẹ̀lú owó yín, nítorí ẹ̀yin ni ẹ pè é. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti mú ọmọ wá láti ọdún yìí wá láìsọ nǹkankan fún un, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ń gbọ́ rédíò yìí pẹ̀lú yín báyìí. Bí a bá ti parí ètò yìí, ẹ pè é jókòó, kí ẹ sọ ọ́ fún un.